Orí Kẹta: Kí Ẹ Tó Ra Máìkì Olówó Ńlá

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ olórin sábà máa ń bi èèyàn ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, máìkì wo ni kí n rà?" Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni pé, níbo lẹ ti fẹ́ máa kọrin? Òmíràn sì tẹ̀ lé e: iná wo lẹ fẹ́ lò? Bí ẹ bá dáhùn méjèèjì tán, ọ̀rọ̀ máìkì á ti rọrùn, ẹ ó sì rí i pé owó tó yẹ kó wọ ibẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ ti ń rò lọ́kàn.

Ẹni tó ń ṣe orin nílé ní Òmùò-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká ni mo kọ orí yìí fún: ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ gbé orin tirẹ̀ jáde, onífújì tó ń ṣeré lóde ìnáwó, ọ̀dọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù kan tó fi ń ṣe bíìtì, àti ìdílé tí ìyá àgbà wọn ní orin Èkìtì àtijọ́ lẹ́nu tí wọn ò fẹ́ kó bá a wọlẹ̀. Ìlú wa wà ní ìpẹ̀kun Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Kàbà. Bí ohun èlò bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Adó tàbí Àkúrẹ́ lẹ máa gbé e lọ, tàbí Èkó pàápàá, owó ọkọ̀ á sì wọ inú owó àtúnṣe. Nítorí náà, ìpinnu tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó ra nǹkan ṣe pàtàkì fún yín ju ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lọ.

Èrò mi nìyí, n ò ní fi pamọ́: ohun èlò sítúdíò olówó gọbọi kò yẹ ẹni tó ń ṣe orin nílé, àfi bí yàrá rẹ̀ bá ti dákẹ́, tí iná rẹ̀ ti dúró, tí etí òun fúnra rẹ̀ sì ti mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú orin rẹ̀. Láìsí mẹ́ta yìí, owó tó bá ná gbé.

Ohun tí àwọn tó ṣíwájú wa ṣe

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles, wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine, ọmọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, láti wá gba àwo sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Wharf Road, Apápá. Méjì mìíràn nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà ti kọ̀ láti bá a wá, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìrìn àjò kù díẹ̀. Ẹ̀rọ téèpù tó bá níbẹ̀ jẹ́ oní-ìlà 8, ìyẹn ni pé ohùn mẹ́jọ péré ló lè gbà sórí ara wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí àwọn sítúdíò London ti ń lo oní-ìlà 16. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn adigunjalè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì gba téèpù tí wọ́n kọ orin náà sí fún ìgbọ́ràn ara wọn. Orí ni wọ́n fi rántí orin tí wọ́n tún kọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé sítúdíò oní-ìlà 16 wà ní Ìkẹjà lásìkò kan náà, ti Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ràn Fẹlá. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n gbà níbẹ̀. Apápá, pẹ̀lú ìlà 8 rẹ̀, ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, wọ́n wá fi ìyókù kún un ní London. Àwo yẹn, Band on the Run, wà lára èyí tó tà jù lọ láyé Paul McCartney lẹ́yìn tó kúrò nínú Beatles.

Ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. N ò sọ pé ohun èlò kò ṣe nǹkan kan. Ìlà 8 nígbà náà, ohun èlò gidi ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí orin rẹ̀ ti pé lọ́kàn, tó mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí, kò nílò kí ẹ̀rọ bá a ronú.

Tiwa wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá alápàlà, ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1948. Ní 1969, òun àti I.K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kí olórin lè máa jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tó di 1979 ló tó kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sítúdíò oní-ìlà 24 tí owó rẹ̀ wọ mílíọ̀nù náírà, nígbà tí náírà ṣì le. Ọdún 31 ló wà láàárín àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ àti sítúdíò ńlá rẹ̀. Gbogbo orin tó sọ ọ́ di Hárúnà, inú sítúdíò ẹlòmíràn ló ti gba púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó sì wá kọ́ tirẹ̀, ilé ìṣòwò ló kọ́, tí àwọn olórin yòókù á máa wá san owó sí. Kì í ṣe pé ó rò pé ìlà 24 ló máa jẹ́ kí ohùn òun dùn. Ohùn ti dùn tipẹ́.

Ti ayé òde òní ni olórin Billie Eilish àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas, ní Los Angeles. Inú yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sùn, nílé àwọn òbí wọn, ni wọ́n ti gba àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ tó jáde ní 2019. Ní oṣù Kìíní 2020, àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí títí dé ibi tí a dé yìí, wọ́n á wá dákẹ́. Apá tó kù ṣe pàtàkì fún wa gan-an: wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní yàrá. Wọ́n gbé e fún Rob Kinelski, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ míkìsì, kó po ohùn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ná owó, àmọ́ etí èèyàn tó mọṣẹ́ ni wọ́n ná an lé.

Yàrá ni ohun èlò àkọ́kọ́

Ẹ wọ yàrá tí ẹ fẹ́ lò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó le. Ẹ tẹ́tí sí ohun tó bá gbẹ̀yìn àtẹ́wọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n rìrì kó tó kú, ògiri méjì tó kọjú sí ara wọn ló ń ju ohùn náà síra wọn. Yàrá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ dan, tí táìsì wà nílẹ̀ rẹ̀, tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ló burú jù fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Máìkì olówó ńlá kò ní fojú fo ìró yẹn. Á gbé e sílẹ̀ ketekete, ju bí máìkì pọ́ọ́kú ṣe máa gbé e lọ, nítorí ohun tí wọ́n ń tà á fún nìyẹn: kí ó máa gbọ́ ohun kékeré. Ìdí nìyí tí ẹni tó ra máìkì $1,000 sínú yàrá tó ń dún fi máa ń sọ pé èyí tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ sàn jù.

Yàrá tí ẹ ń sùn, tí ibùsùn wà, tí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kún dé ẹnu, tí kọ́tìnnì nípọn, sàn ju pálọ̀ lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ kí aṣọ inú rẹ̀ hàn. Ẹ gbé fóòmù ibùsùn dìde, kí ẹ fi ti ògiri. Olórin á kẹ́yìn sí fóòmù náà, á kọjú sí aṣọ, máìkì á wà láàárín. Bí ẹ bá ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó wúwo, ẹ fi okùn aṣọ kọ́ wọn sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹ tún pàtẹ́wọ́. Ìró yẹn á ti lọ tàbí kó kù díẹ̀, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Kíréètì ẹyin ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i lára ògiri ọ̀pọ̀ sítúdíò kéékèèké. Kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé e sí. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Díẹ̀ ló ń ṣe nínú ohùn òkè, kò sì fọwọ́ kan ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí fi hàn pé ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó mítà 3.4, ó ga ju ọ̀pọ̀ yàrá wa lọ láti ilẹ̀ dé sílìn. Páálí ẹyin kò lè mú un, fóòmù tín-ín-rín tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ojú ṣóńṣó-ṣóńṣó náà kò lè mú un. Ohun tó nípọn tó sì rọ̀ ló lè mú un: fóòmù ibùsùn gidi, tàbí àkójọ aṣọ tó kún igun ilé. Igun ilé ni ohùn ìsàlẹ̀ máa ń kó jọ sí, torí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dí.

Ẹ má sì dá ohùn inú pọ̀ mọ́ ariwo ìta. Fóòmù ń pa ìró tó wà nínú yàrá. Kò lè dá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró. Ohun tó ń dá ariwo ìta dúró ni ìwúwo àti dídí àlàfo, bíi ògiri búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀kùn pákó tó lágbára tí wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa dé ni ọ̀tá yín tó tóbi jù, nítorí bí ẹ tilẹ̀ pa á dé, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọlé, ohùn náà sì ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Sísọ ọ́ di èyí tó dí pátápátá máa ná yín lówó. Yíyan àkókò kò ná yín ní nǹkan kan. Lẹ́yìn aago 12 òru, kí àkùkọ àti ìpè ìrun tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, Òmùò máa ń dákẹ́ dáadáa. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, ẹ máa wo ojú ọ̀run kí ẹ tó pe olórin, torí kò sí ohun tó lè yọ ìró òjò orí páànù kúrò nínú ohùn tí ẹ ti gbà tán.

Ohun kan tí ẹ lè ṣe lónìí ni pé kí ẹ gbé fóònù yín kalẹ̀ ní ibi tí olórin máa dúró, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ ó gbọ́ fíríìjì, fáànù, aago ara ògiri, àti transifọ́mà tó ń hùn lójú pópó. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tí ẹ lè pa, ẹ pa á. Èyí tí ẹ kò lè pa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn máìkì kọjú sí i, nítorí ọ̀pọ̀ máìkì olórin ni kì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ iná

Ohun tó ń ba sítúdíò ilé jẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni iná tó dé lójijì tó sì le jù. Ó ń jó sound card, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń jó sípíkà, ó ń pa hard disk tí orin wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ₦300,000 tó fẹ́ ná gbogbo rẹ̀ lórí máìkì, kó kọ́kọ́ yọ owó stabiláísà tó dára sọ́tọ̀, kó sì yọ owó ibi ìpamọ́ kejì fún orin rẹ̀, yálà flash tàbí hard disk tí a kì í fi sínú láptọ́ọ̀pù àyàfi ìgbà tí a bá fẹ́ kó nǹkan sí i.

Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì ara rẹ̀ ni iná tó mọ́ jù lọ tí ẹ lè rí fún gbígba ohùn. Kò ní ariwo jẹnẹrétọ̀, kò ní ìró hùn tó máa ń gba inú wáyà wọlé. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà kún bátìrì lọ́sàn-án nígbà tí ẹ bá ń ṣe bíìtì, kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ nígbà tí olórin bá fẹ́ kọrin lóru. Bí ẹ bá ti ń gbèrò ínfátà, ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ dínwó díẹ̀, àmọ́ ìró rẹ̀ máa ń wọ inú ohun tí ẹ bá gbà, àwọn olórin á wá máa rò pé máìkì ló bàjẹ́. Fóònù gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà, ẹ fi sí airplane mode. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí fóònù máa ń ṣe kí ìpè tó wọlé máa ń ba ìlà tó dùn jù jẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ stabiláísà kò dùn ún fi ṣe fọ́tò sórí Facebook bíi máìkì dúdú ńlá tó ní asẹ́ lójú. Àmọ́ òun ló máa jẹ́ kí máìkì yẹn pẹ́.

Máìkì, ní báyìí

Oríṣi méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Èkíní ni dynamic, bíi Shure SM58 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1966. Ó lágbára, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó jìnnà, ó sì ń fara da ariwo. Èkejì ni condenser, bíi Audio-Technica AT2020. Ó ń gbọ́ nǹkan tín-ín-rín, ó sì nílò iná fóòlù 48 tí sound card máa ń fún un. Àwọn méjèèjì máa ń tó $100 níye. Neumann U87, tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò àwọn sítúdíò ńlá láti 1967, ju $3,000 lọ.

Ẹ wá wo ohun tí dọ́là ṣe fún wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ó lọ sókè títí ó fi kọjá ₦1,500 ní 2024. Máìkì $100 tó yẹ kó jẹ́ ₦46,000 di ohun tó kọjá ₦150,000, láìtíì ka owó ẹrù àti èrè olùtajà mọ́ ọn. U87 wá di owó ilẹ̀ kan. Mo sọ èyí nítorí ìmọ̀ràn tó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà àti Jámánì ni wọ́n ti kọ wọ́n, níbi tí $100 ti jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún èèyàn. Bí wọ́n bá sọ pé "owó pọ́ọ́kú" ni nǹkan, ẹ fi náírà ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbà.

Fún yàrá tí kò dákẹ́ tán, dynamic ni mo fọwọ́ sí. Ẹ má ronú pé ipò kejì ni. Shure SM7, tó jẹ́ dynamic, ni Michael Jackson fi kọ Thriller ní 1982, bẹ́ẹ̀ sì ni Bruce Springsteen fi SM57 méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì oní-ìlà 4 gba àwo Nebraska sílẹ̀ nílé ara rẹ̀ ní New Jersey lọ́dún kan náà. Ó tún gbìyànjú láti gba àwọn orin yẹn ní sítúdíò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ilé ló padà gbé jáde.

Ayédèrú SM58 pọ̀ lọ́jà. Ẹ má rà á níbi tí wọn kò ti ní jẹ́ kí ẹ dán an wò, tí wọn kò sì ní gbà á padà. Ẹ mú fóònù àti hẹ́dífóònù yín lọ, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ó tún ku ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn: ṣọ́ọ̀ṣì yín ti ní máìkì, ó ti ní míkísà, ó sì ṣeé ṣe kó ní sítáǹdì àti wáyà tó gùn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, inú àpótí ni wọ́n ń gbé. Ẹ lọ bá aṣáájú akọrin, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ fún un pé, "Ẹ kúuṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọrọ máìkì kan àti sítáǹdì rẹ̀ ní Túsìdeè, màá dá a padà ní Wẹ́sìdeè kí ìpàdé àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohunkóhun bá ṣe é, èmi ni màá tún un ṣe." Kí ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́. Kò ní ṣòro fún ẹni tó bá dá nǹkan padà lásìkò lẹ́ẹ̀mejì láti rí i gbà nígbà kẹta, ẹ ó sì ti mọ irú máìkì tó bá ohùn yín mu kí ẹ tó ra tiyín.

Sound card kékeré tó ní ẹnu méjì tó fún ẹni tó ń ṣe orin nílé. Hẹ́dífóònù tó bo etí ni kí ẹ rà ṣáájú sípíkà sítúdíò, kí bíìtì má bàa jáde wọ inú máìkì, àti pé yàrá tí kò bá dára á purọ́ fún yín nípa ohun tí sípíkà ń sọ. Ní ti ètò orí kọ̀ǹpútà, Audacity jẹ́ ọ̀fẹ́, BandLab ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àṣẹ Reaper fún ẹni tó ń lò ó fúnra rẹ̀ jẹ́ $60. Èyí tí ẹ bá ti mọ̀ lò ló dára jù. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gba ohùn ìyá àgbà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ó dùn mí lọ́kàn bí orin Èkìtì tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wa ṣe ń lọ láìsí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa lówó sítúdíò. Ìyá kì í dúró de owó.

Ẹ má gbé wọn lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, nínú yàrá wọn, ní ọwọ́ àárọ̀ tí ara wọn yá. Ẹ tẹ́ aṣọ tàbí ẹní tó nípọn sílẹ̀ níwájú wọn. Bí ẹ bá ní máìkì, ẹ gbé e sórí sítáǹdì, kó ga díẹ̀ ju ẹnu wọn lọ, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ kí èémí má bàa bù lù ú tààrà. Kí àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máìkì tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tí a ya, láti àtàńpàkò dé ọmọńdinrín. Bí fóònù ni ẹ ní, ìwọ̀n kan náà ni, kí ẹ gbé e lé orí ìwé tó ga tàbí àpótí, kì í ṣe lé orí tábìlì lásán tó ń gbọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ibi tí ohùn wọn máa ń ga jù nínú orin náà. Ẹ wo àmì ohùn ojú ẹ̀rọ: kí ibi tó ga jù má kọjá -12, kó má sì dé ibi pupa láéláé. Bí ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ ní 24-bit, àyè tó wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ àti ariwo fẹ̀ gan-an, kò sídìí láti gbé ohùn ga jù. Ohùn tó rẹlẹ̀ ṣeé gbé sókè, èyí tó ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà lọ. Bí wọ́n bá dúró sọ ìtàn orin náà, ẹni tó kọ́ wọn, ọdún wo ni wọ́n máa ń kọ ọ́, ẹ má pa á. Bí àwọn obìnrin ilé bá fẹ́ gbè é, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ rọ̀ sún mọ́ iwájú. Kí téèpù tó lè gba ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba gbogbo ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ pọ̀, ìdúró èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ń ṣe lónìí. Ìlù dùndún ńkọ́? Ẹ lo dynamic, kí ẹ fi í jìnnà tó ìṣísẹ̀ méjì sí ìyáàlù, ní gbangba lábẹ́ igi, kì í ṣe nínú yàrá kékeré. Nínú yàrá, gúdúgúdú á bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí owó ńlá bá tọ́

Ó tọ́ bí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń san owó fún yín láti gba orin wọn. Nígbà yẹn, ohun èlò ti di irinṣẹ́ òwò, ẹ ó sì lè ṣírò iye orin tó máa dá owó rẹ̀ padà. Ó tọ́ bí ẹ bá ń gba ẹgbẹ́ tó ní jita, dùùrù, ìlù ìbílẹ̀ àti ìlù òyìnbó lẹ́ẹ̀kan náà, torí sound card ẹlẹ́nu méjì kò lè gbà wọ́n. Ó sì tọ́ bí ẹ bá lè fẹnu ara yín sọ àṣìṣe tó wà nínú ohùn tí ẹ gbà, kí ẹ sì sọ ohun èlò tó máa tún un ṣe ní orúkọ. Ẹni tó kàn sọ pé, "Kò dún bíi ti Wizkid," kò tíì dé ibẹ̀. Kó máa ṣe orin sí i.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ní ipò ríra ohun èlò olówó ńlá ni èyí. Ẹ ṣe bíìtì àti ohùn ìdánwò nílé títí wọ́n fi máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ dénú, kí ẹ má bàa máa wá ọ̀rọ̀ kiri nígbà tí aago sítúdíò ń sáré. Ẹ wá yá sítúdíò tó dára ní Adó tàbí Àkúrẹ́ fún ọjọ́ kan, kí ẹ gba ohùn orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀, kí ẹ kó ohùn kọ̀ọ̀kan bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní WAV. Ẹ wá ẹni tó mọ míkìsì, kí ẹ sanwó fún un. Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù lásán, lórí sípíkà Bluetooth, àti nínú mọ́tò, torí ibẹ̀ ni àwọn tó máa gbọ́ orin yín wà. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ nípasẹ̀ U87.

Owó tó bá kù, bí ẹ bá wà nínú àjọ tàbí èésú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi tó ra nǹkan tó tọ́. Ẹ má yá owó orí fóònù ra ohun èlò. Èlé rẹ̀ á ti ju owó tí orin mú wọlé lọ kí oṣù tó parí. Bí ẹ bá sì ní ìyá tàbí ìyá ìyá tó ń kọrin, ẹ má dúró de àjọ yẹn rárá. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kó o pamọ́ sí ibi méjì.